Ẹ̀rọ pH tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́

Èmi náà rè é láti Sábó Gàrí, Kánò. Ẹ fi orí jì mí tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹnìkan bèèrè níjẹta nínú group yìí pé kí la ń ṣe tí oníbàárà bá gbé ọjà padà wá. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun èlò lábù ni mò ń tà. Mo ta ẹ̀rọ pH kan fún iléèwé kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, tó máa ń ya ìlà sójú síkírínì. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀gá lábù wọn gbé e dé. Ó ní, "Hajiya, ya lalace," pé ó ti bàjẹ́, kí n dá owó padà. Owó wo? Mo ti fi ra ọjà, ìyókù ti wọ inú àjọ. Inú bí mi, ó kù díẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Mo ṣáà fún ara mi ní sùúrù. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jókòó, ẹ mu omi, ká jọ tàn án wò."

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. A ki ọ̀pá gíláàsì rẹ̀ bọ omi buffer pH 7, ìlà dúró láàárín. A fi omi ṣàn án, a kì í bọ ti pH 4. Ìlà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira rárá. Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ rí i?" Àyà mi já.

Ọmọ náà ní ká wo ibi tí wọ́n ti yan ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ lè gbà wọlé. 10 volt ni wọ́n fi sí! Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀ o. Ọ̀pá pH kì í mú iná púpọ̀ wá. Ní pH 7, òdo ni. Ìgbésẹ̀ pH kọ̀ọ̀kan, nǹkan bíi 59 millivolt ni, tí omi bá wà ní 25°C. Láti 7 dé 4, ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ó di 177 millivolt. 10 volt sì rèé, 10,000 millivolt ni. 177 nínú 10,000 kò tó 2 nínú 100. Ó dà bí kéèyàn gbé òrùka gólù sórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò sìmẹ́ńtì. Òṣùwọ̀n ò bàjẹ́, gólù náà ò sì fò lọ.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sáré já a wálẹ̀ sí 100 millivolt. Ìlà gun òkè, ó lẹ̀ mọ́ etí síkírínì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ìyẹn náà ò dáa, torí 177 ju 100 lọ. A wá gbé e sí 500. Kí ló dé tó fi jẹ́ 500? Láti 7 dé 0, tàbí 7 dé 14, ìgbésẹ̀ méje ni, 413 millivolt. 500 gbà á, àyè sì ṣẹ́ kù.

Ìlà gbéra wàyí! A sọ fún kọ̀ǹpútà pé ibí ni 7, ibí ni 4. A wá kì í bọ pH 10 tí a ò tíì lò. 10 náà ló kà.

Ohun kan tún wà o: fífẹ àwòrán lójú síkírínì yàtọ̀ sí yíyan ìwọ̀n. Àwòrán lọ̀gá ti ń fẹ̀ látọjọ́ yìí. Tó o bá fẹ fọ́tò tí ò mọ́, fọ́tò ńlá tí ò mọ́ lo máa rí.

Kí n má purọ́, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Paálí ni mo gbé lé wọn lọ́wọ́, mi ò tàn án níwájú wọn kí n tó gba owó. Ọ̀gá bẹ̀ mí, èmi náà bẹ̀ ẹ́. Ó tún ra buffer igo méjì kó tó lọ.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó dá owó padà, kẹ́ ẹ sì tó jà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà lò ó níwájú yín. Ẹni tó bá sì ń ta ọ̀pá pH, ẹ sọ fún wọn pé kò gbọdọ̀ gbẹ: inú omi iyọ̀ KCl ni kó máa wà, kì í ṣe omi distilled.