Yíya Ọ̀nà Tí Iṣẹ́ Ń Gbà

Bí oníbàárà bá sanwó àga lọ́jọ́ Ajé, tí ilé-iṣẹ́ kò kàn án tán títí di ọjọ́ Ẹtì, ta ni ẹ ó bá wí? Káfíńtà ni ọ̀gá yóò kọ́kọ́ jágbe mọ́.

Ní 1921, Frank Gilbreth, tí ó ti ṣe bíríkìlà rí, àti Lillian aya rẹ̀, fi ọ̀nà kan han ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ní Amẹ́ríkà: kí a ya ìrìn iṣẹ́ sórí ìwé. Ní 1947 ẹgbẹ́ náà fọwọ́ sí àmì márùn-ún. Róbótó ni iṣẹ́ ṣíṣe, ọfà ni gbígbé kiri, onígun mẹ́rin ni àyẹ̀wò, onígun mẹ́ta ni ìpamọ́. Lẹ́tà D ni ìdúró.

D yìí ni kí ẹ máa ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé ìwé àga wa. Akọ̀wé gbé e sórí tábìlì ọ̀gá: D, ọjọ́ mẹ́ta gbáko! Wákàtí mẹ́fà péré ni káfíńtà fi kàn án. Láìsí àwòrán, owó káfíńtà ni wọn ì bá gé.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí a yà, kì í ṣe èyí tí ọ̀gá rò. Ẹni tí ń yà á gbọ́dọ̀ dìde, kí ó bá ìwé náà rìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bí akọ̀wé bá sì lọ ìsinmi, ẹni tuntun yóò mọ ibi tí ìwé kàn.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ya ọ̀nà tí iṣẹ́ àṣetiléwá yín ń gbà títí yóò fi padà sọ́wọ́ yín. Kí ẹ ka D tí ó wà lórí tábìlì olùkọ́ pẹ̀lú.