Ẹ Kọ Òfo Náà Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹja ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé náà ni.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wales, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìwọ̀ pẹja fún ìgbafẹ́, kì í ṣe nítorí ọbẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹja tí wọ́n ń wá ni salmon. Inú odò ni wọ́n ti ń bí i. A lọ dàgbà nínú òkun, a sì padà wá yé ẹyin sínú odò. Ẹja yìí ń dín kù. Ní December 2023, ẹgbẹ́ àgbáyé IUCN ka salmon ti Great Britain mọ́ àwọn ẹja tí ó wà nínú ewu ìparun.

Ta ni yóò wá máa ka ẹja inú odò? Àwọn onímọ̀ kò lè dúró létí gbogbo odò tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, òfin pe apẹja pàápàá sí iṣẹ́ náà. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti fi ìwọ̀ mú salmon gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí àjọ ìjọba lópin ọdún: odò tí ó lọ, iye ọjọ́ tí ó fi ju ìwọ̀, iye ẹja tí ó mú. Bí kò bá mú ẹyọ kan, ó gbọ́dọ̀ kọ ìyẹn náà.

Ẹ lè bi wá pé, kí ni a ń fi òfo ṣe? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní apẹja 10 lọ sódò. Àwọn 2 mú ẹja 3 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 8 padà sílé lọ́wọ́ òfo. Bí àwọn 2 yẹn nìkan bá kọ̀wé, a ó rò pé ẹja 3 ni apẹja kọ̀ọ̀kan ń mú. Irọ́ ni! Ẹja 6 láàrin ènìyàn 10 ni. Kò tó 1 fún ẹnì kan.

Ìpẹ́ ẹja pẹ̀lú ń sọ̀rọ̀. Bí a bá fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wò ó, a ó rí ìlà róbótó-róbótó lára rẹ̀. Nígbà òtútù, tí ẹja kò dàgbà púpọ̀, àwọn ìlà náà a sún mọ́ra. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Apẹja tí a ti kọ́ a mú ìpẹ́ díẹ̀ sínú àpò ìwé, a sì kọ déètì, orúkọ odò àti gígùn ẹja sí i lára. Ìpẹ́ tí a kò kọ nǹkan sí, kò wúlò.

Láti ọdún 2020, òfin Wales ní kí a dá gbogbo salmon tí a bá fi ìwọ̀ mú padà sómi. Ẹja lọ, àkọsílẹ̀ rẹ̀ kù.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kọ, ẹ má sọ pé ìwé yín kéré. Déètì, ibi, iye: ẹ ti lè kọ ọ́. Bí ẹ bá ń lọ sódò, ẹ mú pẹ́ńsùlù dání. Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ òfo.