Ìwé Ni Ẹnu-Ọ̀nà Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

 

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ń sọ pé nọ́ọ̀sì ni òun yóò dà. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wò; wọn kò wo ìwé tí ó ṣáájú aṣọ náà. Kí a tó gba ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, irú èyí tí ó wà ní Ìlọrin àti ní Òkè-Òde nítòsí wa, ó gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO. Àwọn náà ni Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Kò gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. Bí ẹyọ kan bá dín, ọmọ náà yóò padà sílé, bí ó tilẹ̀ ní àánú bí ìyá.

Ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ ni àwọn ọmọ lára ni. Bí dókítà bá ní kí a fún aláìsàn ní mílígíráàmù 500, tí 250 sì wà nínú mílílítà 5 oògùn inú ìgò, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mílílítà 10 ni yóò wọ̀n. Bí ó bá ṣì í ṣe, ẹ̀mí ènìyàn lè bá a lọ.

Olóyè Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ti ṣe é, kí ó tó wọ ilé-ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1946 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 1964, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di mátíróònù ní UCH, Ìbàdàn. Ìwé ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, láti SS1 ni kí ẹ ti yan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹni tí ó bá dúró di SS3 ti pẹ́ jù. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọbìnrin bá ti oko tàbí ọjà dé, ẹ fún un ní wákàtí méjì àti iná tí yóò fi kàwé. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ní olùkọ́ Físíìsì, kí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ jùmọ̀ wá ọ̀kan.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ẹ bá ràn lọ́wọ́ lónìí lè jẹ́ ẹni tí yóò tọ́jú yín lọ́la.