Bí A Ti Ń Pín Ohun Tí Kò Ṣeé Gé Sí Méjì

Ọ̀rọ̀ tí alábòójútó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé olóṣù mẹ́ta

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ti rí mi, ìwé owó ni ó máa ń wá sí yín lọ́kàn. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń pè mí ní wolé-wolé bí mo bá ti kọ ẹ̀yìn. Mo ti gbọ́, n kò sì bínú. Lónìí, n kò ní tú ìwé ẹnikẹ́ni wò títí n ó fi parí ọ̀rọ̀. Eré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, eré tí àwọn ọmọ wa ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rẹ́rìn-ín tán, ẹ fetí sílẹ̀, nítorí pé nínú eré yìí ni mo ti tún pàdé ẹjọ́ kan tí èmi fúnra mi dá ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, tí n kò dá dáadáa.

Àbúrò mi ọkùnrin kan ń gbé ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, ó wọ ẹgbẹ́ kan nínú eré tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ World of Warcraft. Ilé iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ gbé eré náà jáde ní 2004. Ní 2019 wọ́n tún gbé irú ti àtijọ́ jáde fún àwọn tí àárò rẹ̀ ń sọ, èyí sì ni àbúrò mi ń ṣe. Kì í ṣe eré tí ènìyàn ń dá jókòó ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti ìlú púpọ̀ ni í wà nínú ayé kan náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olúkúlùkù pẹ̀lú ajagun tirẹ̀. Ajagun náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìpele 1, á máa gòkè títí yóò fi dé 60. Bí ó bá ti dé 60, òkè tán nìyẹn. Ohun tí ó lè fi kún agbára rẹ̀ láti ìgbà náà lọ ni ìhámọ́ra: akoro, ẹ̀wù irin, ìbọ̀wọ́, òrùka, idà. Èyí tí ó dára jù nínú wọn kò sí lọ́jà. Inú ihò àwọn iwin ni ó wà, ẹnìkan kò sì lè dá wọ ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ihò kan péré, èyí tí wọ́n ń pè ní Molten Core. Iná ni gbogbo inú rẹ̀. Iwin ńlá 10 ni ó ń ṣọ́ ọ, olórí gbogbo wọn sì ń jẹ́ Ragnaros. Ènìyàn 40 ni àyè gbà láti wọlé pọ̀. Àwọn díẹ̀ nínú wọn jẹ́ alásà: àwọn ni yóò dúró níwájú iwin kí ó lè máa lù wọ́n, kí ó má ba à yíjú sí ẹlòmíràn. Àwọn kan jẹ́ oníṣègùn, iṣẹ́ tiwọn ni pé kí alásà má kú. Oníṣègùn ni àbúrò mi. Àwọn yòókù ni ń fi idà, ọfà àti oògùn pa iwin náà. Bí oníṣègùn kan bá dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún àlejò láìwí fún ẹnikẹ́ni, alásà lè kú, bí alásà bá sì kú, iwin á yíjú sí àwọn tí kò ní asà, gbogbo 40 á dojú bolẹ̀. Wọn á jí padà, ṣùgbọ́n wọn á fi owó tún ìhámọ́ra wọn ṣe, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ ìjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ọdẹ kì í ti í gbé ọwọ́ lásán wọ igbó, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn wọ̀nyí. Wọ́n á ti wá ìhámọ́ra tí ó lè gba ooru iná, wọ́n á ti já ewé, wọ́n á ti po àgbo tí iná kò fi ní tètè jó wọn. Àbúrò mi sọ fún mi pé òun máa ń fi alẹ́ méjì já ewé nítorí ogun wákàtí mẹ́ta. Mo bi í léèrè pé ta ni ń san owó ewé náà fún un. Ó ní kò sí, ti ẹgbẹ́ ni. Iwin tí wọ́n bá sì ti pa lọ́sẹ̀ yìí, kò tún sí nílẹ̀ fún wọn àfi ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Nítorí náà ẹni tí ó bá pa ọjọ́ kan jẹ, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó pàdánù.

Wàyí o, iwin kú. Ìwọ̀nba ìhámọ́ra díẹ̀ ni yóò jù sílẹ̀, kì í sábà ju iye ìka ọwọ́ kan lọ. Ènìyàn 40 ni ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀wù kan kò ṣeé gé sí 40. Èyí tí ó tún le níbẹ̀ ni pé bí ẹnìkan bá ti gbà á, ó ti di tirẹ̀ títí láé: kò lè tà á, kò lè yá ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ kò sì lè gbà á padà. Bí ó bá lọ bá ẹgbẹ́ mìíràn lọ́la, ó lọ pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin akápò, ẹ wò ó: ẹ̀yáwó tí kò ní onídùúró.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín in pọ̀. Àwọn kan ń ṣẹ́ gègé: kọ̀ǹpútà á mú nọ́ńbà kan láàárín 1 àti 100 fún olúkúlùkù, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ni yóò mú un. Kò sí ojúsàájú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá lánàá lè gba ohun tí ẹlòmíràn ti ń ṣiṣẹ́ fún láti oṣù mẹ́fà. Àwọn mìíràn ń gbé e fún ìgbìmọ̀. Àwọn mìíràn ń kọ máàkì: ẹni tí ó bá wá sí ogun á gba máàkì, ẹni tí ó bá tètè dé á gbà sí i, bí ohun tí ó fẹ́ bá sì jáde, á fi máàkì rẹ̀ rà á. Inú eré kan tí ó ṣáájú ni ìwé máàkì yìí ti bẹ̀rẹ̀, EverQuest, tí ó jáde ní 1999. Dírágónì ni àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ ń lọ pa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní DKP, máàkì pípa dírágónì, títí di òní, kódà nínú ihò tí kò sí dírágónì kankan.

Nígbà tí àbúrò mi ṣàlàyé èyí tán lórí fóònù, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tí ó ka ìtàn ẹgbẹ́ wa á rántí àwọn ènìyàn 28 tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Rochdale ní 1844. Ìlú náà kò jìnnà sí ibi tí àbúrò mi ń gbé. Wọ́n ní èrè tí ó bá ṣẹ́kù, bí olúkúlùkù bá ti rajà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ni a ó fi pín in, kì í ṣe bí owó ìdókòwò rẹ̀ bá ti pọ̀ tó. Ní Pọlitẹ́kíníìkì ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìyẹn, mo sì há a sórí nítorí ìdánwò. Àwọn ọmọ tí ń pa dírágónì kò jókòó sí kíláàsì wa. Ìjà orí ìpín ni ó kọ́ wọn.

Ìwé máàkì náà ní àrùn tirẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ á kó máàkì jọ pelemọ, wọn kò ní ná an, ẹni tuntun kò sì ní lè bá wọn láéláé. Nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ kan ń gé díẹ̀ kúrò nínú máàkì gbogbo ènìyàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn mìíràn ń fi ohun tí ènìyàn ti gbà pín iṣẹ́ tí ó ti ṣe: bí iṣẹ́ rẹ bá pọ̀, tí ohun tí o ti gbà kéré, ìwọ ni ó kàn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọ́n sọ ọ́ di gbàǹjo: ẹni tí ó bá lówó jù ni yóò rà á, wọn á sì pín owó náà fún gbogbo ẹni tí ó jagun. Ní 2024, Blizzard fi òfin de irú gbàǹjo bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà eré náà. N kò bá wọn wí.

Ìgbìmọ̀ ni ẹgbẹ́ àbúrò mi ń lò. Ènìyàn márùn-ún ni, wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ wíwá ènìyàn sí, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ni ń rí i. Idà kan wà nínú eré náà tí ń jẹ́ Thunderfury. Idà alásà ni, kò sì sí alásà tí kò fẹ́ ẹ. Kí ènìyàn tó rí i ṣe, ó gbọ́dọ̀ ní ìdè méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ iwin tí ń jẹ́ Garr, èkejì wà lọ́wọ́ Baron Geddon, yàtọ̀ sí irin olówó iyebíye àti ohun tí a óò gbà lọ́wọ́ Ragnaros fúnra rẹ̀. Àwọn ìdè wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ kan lè máa jagun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kí wọ́n má fojú kan ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìdè Garr bọ́ sílẹ̀. Alásà méjì ni ó ń fẹ́ ẹ. Ọ̀kan ti wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ rí. Èkejì dé ní oṣù méjì ṣáájú, ó sì mọ ìjà jù ú lọ. Ìgbìmọ̀ fún ẹni tuntun. Wọ́n ní ire ẹgbẹ́ ni àwọn rò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni tuntun náà bá ẹgbẹ́ tí ó tóbi jù wọ́n lọ, ó gbé ìdè lọ. Kò pẹ́ ni ìdè Geddon bọ́ sílẹ̀. Wọ́n fún alásà àkọ́kọ́ nígbà náà, ó di ẹni tí ó ní ìlàjì idà lọ́wọ́. Ó kọ̀wé sí wọn pé òun kò bínú nítorí idà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ rí ìwé tí wọ́n fi dá ẹjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní ìwé ìgbìmọ̀ ni. Ó jáde. Ní ọjọ́ ogun tí ó tẹ̀ lé e, ènìyàn 26 ni ó wá.

Ìgbà náà ni àbúrò mi pè mí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ ń yẹ ìwé wò, kí ni ká ṣe o?”

Ẹ̀yin ará, n kò lè dá a lóhùn kíákíá, nítorí ìyá kan ni mo rántí. Ìyá náà wà nínú ẹgbẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ọdún 11 ni ó ti ń dá owó láìpa oṣù kan jẹ. Ó tọrọ ẹ̀yáwó ńlá láti fi kún ọjà rẹ̀. Ìgbìmọ̀ fò ó, wọ́n fún ọkùnrin kan tí ó wọ ẹgbẹ́ lọ́dún tí ó ṣáájú, wọ́n ní òwò tirẹ̀ yóò tètè mówó wọlé. Ìyá náà bá mi nígbà tí mo wá yẹ ìwé wò, ó ní kí n jọ̀wọ́ fi han òun ibi tí orúkọ òun wà lórí ìlà àwọn tí ń retí ẹ̀yáwó. Mo wo òfin ẹgbẹ́ náà. Òfin gba ìgbìmọ̀ láàyè láti yan ẹni tí ó bá wù wọ́n, kò sì sọ pé kí wọ́n fi ìlà kankan han ẹnikẹ́ni. Mo kọ ọ́ pé kò sí àléébù, mo sì fọwọ́ sí i. Ọkùnrin yẹn san owó rẹ̀ pé, tèlé-tèlé, kò pẹ́ ọjọ́ kan. Nínú ìṣirò, ìgbìmọ̀ ni ó jàre. Ìyá náà kó owó rẹ̀ jáde, obìnrin 9 sì tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ náà kò tíì gbádùn títí di òní.

Nítorí náà mo sọ fún àbúrò mi pé kí wọ́n gbé ìwé náà síta: gbogbo ohun tí ó ti bọ́ sílẹ̀, ẹni tí ó gbà á, ọ̀sẹ̀ tí olúkúlùkù wá àti èyí tí kò wá, síbi tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti lè kà á lóru àti lọ́sàn-án. Kí ìgbìmọ̀ máa yan ènìyàn sí ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ bíi idà yẹn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ohun náà tó kúrò nílẹ̀. Mo tún bi í léèrè pé níbo ni wọ́n ń kó ewé àti owó ẹgbẹ́ sí. Ó ní ọwọ́ ẹnìkan ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀. Eré ti àtijọ́ yẹn kò ní ilé ìṣúra ẹgbẹ́. Láti 2007 ni wọ́n ti fi ọ̀kan sínú eré náà gan-an, tí ó ń kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá mú nǹkan jáde, tí olórí ẹgbẹ́ sì lè dá iye tí ipò kọ̀ọ̀kan lè mú lóòjọ́ sí. Ohun tí àwa ń fi ẹnu bẹ àwọn akápò láti ọjọ́ yìí, àwọn aṣeré ti fi ẹ̀rọ ṣe é.

Ìjà wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Méjì nínú ìgbìmọ̀ bínú kúrò. Nígbà tí ìwé jáde, wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń pariwo ojúsàájú jù ni ó ti gba ohun tí ó pọ̀ jù. Wọ́n so pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kékeré mìíràn kí wọ́n tó lè pé 40, wọ́n sì padà sínú ihò iná. Alásà àkọ́kọ́ kò padà wá. Wọ́n kọ̀wé sí i nígbà méjì.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ ọjọ́ náà tọ́, èmi ni n kò dáhùn. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi tútù, ó bi mí léèrè àwọn ọmọ. Nígbà tí mo dárúkọ ẹgbẹ́, ó ní, “Ọmọ mi, ẹ ṣeun,” ó sì yíjú sí ẹni tí ó wá rajà.

Bébà kan wà lọ́wọ́ mi níhìn-ín tí n ó pín fún akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ojú ìlà mẹ́rin ni ó ní: orúkọ ẹni tí ó tọrọ ẹ̀yáwó, ọjọ́ tí ó tọrọ rẹ̀, ọjọ́ tí a fún un, àti ìdí rẹ̀ bí a bá fò ó. Ara ògiri ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó nawọ́. Alága, mo ti parí ọ̀rọ̀. Kí àwọn akápò wáá máa gbé ìwé owó bọ̀ lórí tábìlì kí oúnjẹ tó dé.