Sípánà ti yọ̀ lórí bóòtù: Kí ló yẹ kí ẹ ṣe kó tó di gbèsè?



Ẹni tó bá mọ Accra mọ̀ pé bí èèyàn bá na ìka kan sísàlẹ̀ létí títì, tó sì ń fi í yí bírípo, trotro tó ń lọ Circle ló ń dá dúró. Kò ní la ẹnu rárá. Mò ń wò wọ́n lójoojúmọ́ láti inú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀rín a sì máa pa mí, torí pé yíyí náà ni gbogbo iṣẹ́ tiwa. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ, Circle ni mo ti ń jẹun nídìí rẹ̀. Fítà ni wọ́n ń pè wá níbí, wọn kì í pè wá ní mẹkáníìkì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ti bóòtù kan lọ, bóòtù tó kọ̀ tí kò yí, tí orí rẹ̀ wá jẹ mọ́ sípánà lẹ́nu.

Awakọ̀ takisí kan gbé Toyota àtijọ́ wá bá wa láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkọ̀ náà ń gbóná sódì. A yẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé thermostat ni kò ṣí mọ́. Iṣẹ́ bíi wákàtí kan ni: ẹ fa omi inú rédíétọ̀, ẹ tú bóòtù méjì tó de ìdérí thermostat mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ fi tuntun sí i, ẹ dè é padà. Bóòtù kìíní tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkejì kò mì. Ọmọ iṣẹ́ mi fà á, sípánà yọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé n kò wo òun, ó tún fà á. Nígbà tó fi máa ké sí mi pé, "Máàsítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó," orí bóòtù tó ní igun mẹ́fà ti di róbótó, ó ń dán bíi kóró iṣin.

Awakọ̀ náà kò pariwo. Ó kàn jókòó sórí táyà, ó ń wo fóònù rẹ̀. "Work and pay" ló ń ṣe: yóò máa san iye kan fún ẹni tó ra ọkọ̀ náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ọkọ̀ yóò fi di tirẹ̀. Àwa tí a wá láti Nàìjíríà mọ irú rẹ̀ dáadáa. Bí ọkọ̀ bá ṣiṣẹ́, bí kò sì ṣiṣẹ́, owó ọ̀sẹ̀ kò ní dúró. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bóòtù lásán là ń bá jà.

Kí ló ṣe ọmọ náà? Sípánà 13 ló mú. Ó ti fi í tú Opel lánàá, ó sì ṣiṣẹ́. Bóòtù tí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà 8, orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 13 nínú ọkọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù bíi Opel àti Peugeot. Nínú Toyota àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan, 12 ni. Àlàfo mílímítà kan péré, ó sì tó láti ba nǹkan jẹ́. Èyí tó tún burú jù ni sípánà onínṣì tó dà pọ̀ mọ́ ti mílímítà nínú àpótí wa. Sípánà 9/16 jẹ́ mílímítà 14.29. Ẹ fi sórí bóòtù 14, yóò wọlé, ẹ ó rò pé ó bá a mu. Bó bá jẹ́ bóòtù tó rọ̀ ni, yóò tú, ẹ kò ní mọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ẹ bá bá èyí tó lẹ̀ pàdé lẹ ó mọ̀.

Kí ló tiẹ̀ mú un lẹ̀? Irin ni bóòtù, alumíníọ̀mù ni ibi tí wọ́n ti í bọ̀. Bí omi bá wà láàárín àwọn méjèèjì fún ọdún pípẹ́, wọn yóò máa jẹ ara wọn, ìyẹ̀fun funfun yóò sì kún inú tírẹ́ẹ̀dì, yóò di bíi símẹ́ńtì. Omi ẹ̀rọ lásán sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ wa ń dà sí rédíétọ̀, láìsí coolant tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Mi ò dá wọn lẹ́bi púpọ̀, owó ló fà á. Àmọ́ níbẹ̀ ni wàhálà bóòtù ti ń bẹ̀rẹ̀, ọdún púpọ̀ ṣáájú kí ọmọ iṣẹ́ tó gbé sípánà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: ìgbà àkọ́kọ́ tí sípánà bá yọ̀, igun orí bóòtù ṣì kù tó ohun tí a lè dì mú. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò. Ìfà kejì ló ń fá a, ìkẹta ló ń sọ ọ́ di kóró iṣin. Ọ̀gá mi n'Íbàdàn a máa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo máa ń rò pé ìwà mi ló ń bá wí. Àṣé bóòtù ló ń bá wí.

Bí ẹ bá ti gbé ọwọ́ kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ orí rẹ̀. Ìdọ̀tí inú igun kì í jẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé dé ìdí. Ẹ fi ọ́ìlì tó ń wọnú ìpẹtà sí i, kí ẹ sì lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún o. Bó bá ṣeé ṣe, kó di ọjọ́ kejì. Ẹ fi hámà kékeré kan orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe láti fọ́ ọ, bí kò ṣe kí ìpẹtà inú lọ́hùn-ún lè là, kí ọ́ìlì rí ọ̀nà gbà. Lẹ́yìn náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ mú, kì í ṣe onígun méjìlá, kì í sì í ṣe sípánà ẹlẹ́nu tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ méjì péré nínú mẹ́fà ló ń dì mú. Kí ẹ tó tú u, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti fún un díẹ̀, bíi ẹni fẹ́ dè é sí i. Bó bá mì bó ti wù kó kéré tó, ó ti gbà nìyẹn: ẹ dá a padà, ẹ tún fún un, ẹ tún dá a padà.

Orí tó bá ti jẹ, ẹ wá sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kéré sí i díẹ̀, kí ẹ fi hámà kàn án wọ ibẹ̀. Fáìsì gíríìpù náà wúlò bí àyè bá wà láti fi í mú un láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi páìpù gùn sípánà lórí bóòtù kékeré. Páìpù kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Tó bá wá ṣẹ́ mọ́ inú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo ṣẹ́ bóòtù kan mọ́ inú top cylinder Peugeot 504. Mo dá a lu, mo sì ti extractor bọ ihò náà láti fi fà á jáde. Mi ò lu àmì sí àárín kí n tó gbé díríìlì, nítorí náà ihò náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo fi gbogbo agbára yí extractor, ó kán sínú. Irin líle ni wọ́n fi ń ṣe é, díríìlì wa kò lè jẹ ẹ́. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó ní kí n tú top cylinder náà kalẹ̀, kí n gbé e lé orí, kí n sì rù ú lọ sọ́dọ̀ tọ́nà. Ọrùn mi rántí ọ̀nà yẹn títí dòní. Ọ̀gá ló san owó tọ́nà, oníọkọ̀ sì fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ mẹ́rin.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ lu bóòtù mílímítà 8 tó ṣẹ́, ẹ fi hámà lu àmì sí àárín gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu díríìlì tó kéré, ẹ má ṣe ju 6.8 lọ, kí tírẹ́ẹ̀dì inú alumíníọ̀mù má baà lọ sí i. Bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n, ẹ gbé e fún tọ́nà.

Ti Toyota ọjọ́ yẹn, orí rẹ̀ ṣì wà níta, nítorí náà wẹ́dà ni mo pè. Ó gbé nọ́ọ̀tù lé orí tó jẹ náà, ó sì jó o mọ́ ọn láti inú. Iná wẹ́dà ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó fún wa ní orí tuntun, ó sì gbóná wọnú bóòtù dé ìdí. Bí alumíníọ̀mù bá gbóná, ó ń wú tó bí ìlọ́po méjì irin, ìyẹn ló sì ń já ìdìmú ìyẹ̀fun funfun yẹn.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó tan iná létí ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a jókòó sí. Lálẹ́ ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2015, òjò ńlá rọ̀, àgbàrá gba Circle, àwọn èèyàn sì sá wọ ilé epo kan láti forí pamọ́. Epo dà pọ̀ mọ́ àgbàrá, iná sọ. Àwọn tí omi àti iná pa lọ́jọ́ náà lé ní 150. Epo ń léfòó lórí omi, iná sì ń gun orí rẹ̀ rìn. Nítorí náà nínú ṣọ́ọ̀bù mi, a máa ń já bátìrì, a máa ń nu ọ́ìlì tí a fọ́n kúrò, a máa ń wo ojú ọ̀nà epo bẹntiróòlù bóyá ó ń jò, garawa iyanrìn àti ẹ̀rọ apaná a sì wà nítòsí. Ẹni tó bá ní òun kò ráàyè fún ìyẹn, kó gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibòmíràn.

A dúró kí pupa rẹ̀ lọ, a fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí nọ́ọ̀tù náà nígbà tó ṣì gbóná, mo ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fà á. Ó dún "ká!" Ẹ̀rù bà á, ó rò pé ó ti ṣẹ́. Kò ṣẹ́, ó tú ni. Mo rán an lọ sí Abossey Okai kó ra méjì tuntun, kó wo orí wọn dáadáa kó rí 8.8 tí wọ́n tẹ̀ sí i. A fi gíríìsì díẹ̀ pa tírẹ́ẹ̀dì wọn. Ní ti fífún, kò le rárá: bí ẹni fi ẹrù kílò 10 kọ́ ìparí sípánà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ó ti tó fún irú bóòtù bẹ́ẹ̀ nínú alumíníọ̀mù.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni takisí náà kúrò. Awakọ̀ ti pàdánù ọjọ́ kan, mi ò sì gba owó wẹ́dà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé àwa la fà á.

Bóòtù náà nìyí, pẹ̀lú nọ́ọ̀tù lórí rẹ̀. Ẹ máa gbé e yíká, kí kálukú fi ọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ó yá.