Owó tí oko ń gbà lára ọkọ̀

(Ohùn tí admin fi ránṣẹ́ sórí group ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. A tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tí dáta wọn ò gbé ohùn.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Minna níbí, ẹ̀yin ti Bida, ti Mokwa, ti Kontagora, títí dé ẹ̀yin tó wà ní Zuru lọ́hùn-ún, mo kí gbogbo yín. Ohùn mi máa gùn díẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, kó fi í sílẹ̀ títí á fi gúnlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn náà ni. Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí group yìí fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan háyà Hilux ẹnì kejì, ó gbé e wọ abúlé lọ ra ẹ̀wà, ọjọ́ méjì ló lò níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti họ, sàláńsà ń mì, ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn kan ń jo ọ́ìlì, ewé spring kan sì ti kán. Ẹni tó ni ọkọ̀ ní àfi kó tún gbogbo ẹ̀ ṣe kí òun tó gba kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó háyà ní òun ò forí ọkọ̀ sọ igi, òun ò forí ẹ̀ sọ ọ̀pẹ, ọ̀nà ló ṣe é. Ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín sí apá méjì bí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, tí ẹ ń bú òbí ara yín nítorí ṣọ́ọ̀kù.

Ohun tí mo rí sí i rèé. Ọkọ̀ tó bá kúrò lórí ọ̀dà wọ oko kì í padà bó ṣe lọ. Kò sí bí dírẹ́bà ṣe lè mọ̀ ọ́n wà tó. Ìbàjẹ́ yẹn, ara owó ọjà ni, bí owó àpò, bí owó alábàárù, bí owó àwọn tó ń fi mudu wọn ọkà fún wa. Ẹni tí kò bá kà á mọ́ ọn á máa rò pé òun ń jèrè, kò ní mọ̀ pé ọkọ̀ òun lòun ń tà díẹ̀díẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Ẹ bá ya kúrò ní títì, ẹ bọ́ sórí ilẹ̀ pupa. Lásìkò ẹ̀rùn, táyà ti gbẹ́ ojú ọ̀nà yẹn títí ó fi rí bíi páànù orùlé, gìrìgìrì gìrìgìrì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣọ́ọ̀kù ò lè sinmi lórí ẹ̀. Ọ́ìlì inú ẹ̀ á gbóná, rọ́bà tó dí i lẹ́nu á jẹ, ó di kó máa jò. Bọ́ọ̀ṣì náà rọ́bà ni, òun náà á ya. Nọ́ọ̀tì á máa tú lọ́kọ̀ọ̀kan. Eruku á dí filter, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Igi ẹlẹ́gùn-ún tó wà létí ọ̀nà ní tiẹ̀ á fi èékánná kọ ìwé sí ara ọ̀dà ọkọ̀. Tí òjò bá wá dé, ọ̀rọ̀ di ti pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, kíláàṣì lẹ máa gbọ́ òórùn ẹ̀. Gbogbo ìyẹn, ẹ gbà á. Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni ọ̀hún gbọ́dọ̀ mọ iye tí wọ́n ń ta àáké.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo ń fi ṣe o, ẹ má lọ sọ pé admin ló dá iye. Ká ní àpò kan fi ₦6,000 wọ́n ní etí títì ju bí ẹ ṣe máa rà á ní abúlé lọ, ẹ sì gbé àpò 10. Ìyẹn jẹ́ ₦60,000 tí ẹ rí torí pé ẹ wọ oko. Ẹ yọ epo àti oúnjẹ dírẹ́bà, ká ní ₦25,000. Ó ku ₦35,000. Ẹ má tíì yọ̀. Ẹ mú ₦12,000 níbẹ̀, ẹ jù ú sínú kóló, kóló ọkọ̀ lórúkọ ẹ̀, kì í ṣe owó ilé ìwé ọmọ, kì í ṣe owó àjọ. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí ẹ bá lọ, ₦60,000 ti wà nílẹ̀ de ṣọ́ọ̀kù àti bọ́ọ̀ṣì. ₦23,000 tó kù ni èrè yín. Ká wá ní ₦4,000 péré ni àpò kan fi wọ́n ju ti abúlé lọ. ₦40,000 ni gbogbo ẹ̀, ẹ yọ 25, ẹ yọ 12, ó ku ₦3,000. Nítorí ₦3,000, ṣé ẹ fẹ́ lọ sùn sínú igbó? Ẹ dúró sí etí títì jàre.

Àgbà kan wà nínú wa níbí tí kò gbé ọkọ̀ ẹ̀ kúrò lórí ọ̀dà rí. Orítà ló máa ń dúró sí, ọlọ́kadà á gbé àpò wá bá a. Ọkọ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, torí ó mọ iye tó ń san fún dídán yẹn, ó sì ń san án láì ráhùn. Ẹni tí mi ò gbà fún ni ẹni tó fẹ́ ra ọjà ní iye abúlé, tó tún fẹ́ kí ọ̀dà ọkọ̀ òun dà bíi ti ọjọ́ tó dé láti Kútọnu. A kì í jẹ méjì lábà Àlàdé.

Àwọn tó ṣáájú wa débí, Píjò 504 ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975. Kì í ṣe pé kò bàjẹ́ o. Ó ń bàjẹ́ dáadáa. Ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀ ni ẹ lè rí rà ní ìlú kékeré, tí mẹkáníìkì abẹ́ igi sì lè fi sípánà méjì tún ṣe. Ẹni tó bá ń wá ọkọ̀ oko, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn, kó tó bèèrè pé ṣé AC ń tutù.

Ìbàjẹ́ kan wà tí a kì í gbà. Bíréèkì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, ìdarí ọkọ̀, táyà tó gé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ́ìlì tó ń kán lábẹ́ èńjìnnì: èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí nínú wọn, ẹ dúró síbẹ̀. Tí ẹ bá la omi kọjá, ẹ rọra máa tẹ bíréèkì bí ẹ ṣe ń lọ kó lè gbẹ. Ní ọjọ́ kejì ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ́ìlì gíà. Tó bá ti funfun bíi tíì onímílíìkì, omi ti wọ ibẹ̀, ẹ dà á nù. Omi tí ẹ ò mọ bó ṣe jìn tó, kí ẹnì kan kọ́kọ́ fi ọ̀pá wọ̀ ọ́. Tó bá kọjá orúnkún, tàbí tó ń ṣàn pẹ̀lú agbára, ẹ sùn síbẹ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tí omi ṣe ní Mokwa ní oṣù karùn-ún 2025. Tí èńjìnnì bá fa omi sínú, kóló kankan ò lè tún un ṣe. Tí òjò bá sì tán, tí koríko gbẹ, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Koríko máa ń hun ara ẹ̀ mọ́ sàláńsà, sàláńsà gbígbóná á dáná sí i. Èso rẹ̀ náà á dí ojú redíétọ̀.

Òmíì tún rèé, ó dùn mí díẹ̀. Nítorí kí ọkọ̀ má baà rì, àwọn kan ń ya gba orí ebè iṣu àwọn onílé kọjá. Ẹ má ṣe é mọ́. Ọkọ̀ yín lẹ lè gbà pé kó bàjẹ́, oko ẹlòmíì kọ́. Ilẹ̀ Tápà la wà, ilẹ̀ Gbagyi la wà, àwọn náà ló máa bá wa ti ọkọ̀ nígbà tó bá rì lóru.

Ó dọ̀rọ̀ àwọn méjì wa. Ẹni tó ni ọkọ̀ gba owó háyà oko, kò gba owó háyà títì. Mo rí iye tó gbà, ó fi díẹ̀ lé ní ìlọ́po méjì. Kí ni owó tó lé yẹn wà fún? Ara họ́họ, sàláńsà àti ṣọ́ọ̀kù ló wà fún. Tiẹ̀ ni gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ewé spring tó kán, kì í ṣe ọ̀nà ló kán an. Àpò 16 ni ẹni tó háyà rù, fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́ sórí group kí ìjà tó dé. Ọkọ̀ bíi Hilux, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe é láti gbé, ìyẹn àpò 10 tó bá jẹ́ kílò 100 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpò mẹ́fà tó lé, ọrùn tirẹ̀ ló wà. Òun ló máa ra ewé spring, òun ló máa san owó iṣẹ́.

Láti ìsinsìnyí, ẹni tó bá fẹ́ háyà ọkọ̀ lọ oko, kí àwọn méjèèjì fi fóònù ya fídíò ara ọkọ̀ yí po kó tó gbéra, kí wọ́n sọ iye àpò àti orúkọ abúlé nínú fídíò yẹn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tí gbogbo wa mọ̀. Kí àwọn méjèèjì wá, kí ẹni tó ni ọkọ̀ mú ewé spring tó kán dání, ẹ má jù ú nù. Ẹni tó bá tún ń lọ sí ọ̀nà Rijau lọ́sẹ̀ yìí, kó pè mí, àpò mẹ́ta mi ṣì wà níbẹ̀, máa san owó oko.