Ẹni Tí Ó Kó Ọmọ Jọ Ni Kí Ó Ṣọ́ Ìlera Wọn

Ní ọdún 1961, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Gánà ṣe òfin pé gbogbo ọmọ tí ó bá ti tó ọjọ́ orí ilé-ìwé gbọ́dọ̀ lọ sí ilé-ìwé, àti pé òbí tí ó bá kọ̀ yóò san owó ìtanràn. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi àṣẹ kó ọmọ ọlọ́mọ jọ sí abẹ́ òrùlé kan ti gbé ẹrù kan ru ara rẹ̀. Bí ojú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò bá ríran dáadáa, bí ibà bá ń gbọ̀n òmíràn lórí ìjókòó, bí àrùn tí ó ń ràn bá wọ inú kíláàsì, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, ta ni yóò sì ṣe nǹkan sí i? Ìbéèrè yìí wà níwájú ìlú Accra lónìí, ó sì kan gbogbo ìlú tí ó ń fi ilé-ìwé yangàn.

Kì í ṣe òní ni ìlera ọmọdé di ọ̀rọ̀ ńlá ní Accra. Ní ọdún 1926 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé tí ó ń jẹ́ Princess Marie Louise. Ní ọdún 1929, oníṣègùn obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jamaica, Cicely Williams, dé sí Gold Coast, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn náà. Ó rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí awọ ara wọn sì ń bó. Kò jókòó ti ìwé nìkan. Ó wádìí ohun tí àwọn ará ìlú mọ̀. Ó sì rí i pé àwọn Ga, tí wọ́n ni ilẹ̀ Accra, ti sọ àìsàn náà lórúkọ tipẹ́: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò rẹ̀ gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, tí ó kù ú ku ẹ̀kọ àgbàdo, láìsí ẹja, láìsí ẹyin, láìsí ẹ̀wà, òun ni ó ń ṣe. Ní ọdún 1933 ni oníṣègùn yìí kọ̀wé nípa rẹ̀. Ní ọdún 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Ga fún un sínú ìwé àwọn oníṣègùn, gbogbo ayé sì ń lò ó títí di òní.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn yìí kò lọ́jú pọ̀. Àwọn tí ó wà nítòsí ọmọ ni ó máa ń kọ́kọ́ rí àìsàn rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni ó máa ń rí i gbẹ̀yìn.

Nígbà tí ọmọ bá wà ní ọmọ ọwọ́, ìyá rẹ̀ a máa gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú, wọ́n a wọ̀n ọ́n, wọ́n a fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, ìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn kì í sábà ṣí fún un mọ́ àfi nígbà tí àìsàn bá ti dá a gúnlẹ̀. Láàárín àkókò yìí, olùkọ́ ni ojú rẹ̀ ń wà lára ọmọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo, etí ni kò gbọ́ dáadáa, tàbí ojú ni kò rí ohun tí wọ́n kọ sí ara pátákó. Òmíràn ń tòògbé nítorí pé aràn ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ. Ní ìwọ̀-oòrùn Accra, ní àdúgbò adágún omi Weija tí wọ́n sé ní ọdún 1978, àtọ̀sí ajá ń yọ àwọn ọmọ tí ń lúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ wọn jáde, ìtìjú kò sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹnikẹ́ni. Oògùn rẹ̀ kò ṣòro lò. Kí a mọ ọmọ tí ó ní in ni ó ṣòro.

Òótọ́ ni pé ìjọba Gánà kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1992 wọ́n dá ètò ẹ̀kọ́ ìlera ní ilé-ìwé sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní SHEP, nínú èyí tí wọ́n ń yan olùkọ́ láti bójú tó ìmọ́tótó àti ìlera, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì ń bẹ àwọn ilé-ìwé wò láti yẹ ara àwọn ọmọ wò. Ní ọdún 2005 ni oúnjẹ ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé mẹ́wàá, ọ̀kan ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan nígbà náà, kí ó tó tàn káàkiri. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, inú ilé-ìwé ni wọ́n ti bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin láti ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá, nígbà tí wọ́n ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àlejò ni nọ́ọ̀sì tí ó wá lónìí tí ó sì lọ. Àìsàn kì í dúró de ọjọ́ tí àlejò yóò padà wá.

Ìparí ọdún 2017 fi èyí hàn kedere. Ní ilé-ìwé Kumasi Academy, níbi tí àwọn ọmọ ń sùn tí wọ́n ń jí pọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kú kí àyẹ̀wò tó fi hàn ní oṣù Kejìlá pé àrùn ọ̀fìnkìn líle tí ó ń jẹ́ H1N1 ni ó wọ ọgbà náà. Ẹ̀rù ba àwọn òbí, wọ́n ya lọ láti kó ọmọ wọn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin ti lọ. Ní oṣù Keje ọdún 2020, Accra gan-an ni ó kàn: ní ilé-ìwé gíga Accra Girls, wọ́n rí ènìyàn 55 tí àrùn Kòrónà ti ràn. Ibi tí ọmọ bá pọ̀ sí ni àrùn ń bá ọ̀nà rìn. Ìdí nìyí tí ìṣọ́ fi gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà, kí ó má jẹ́ ẹ̀yìn ọgbà.

Àwọn kan yóò sọ pé ètò adójútòfò ìlera, tí Gánà fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, ti yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí òfin ọdún 2012 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò ní san owó ọdọọdún. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n káàdì kì í rìn. Ìyá tí ń tajà ní ọjà Makola ni yóò pa ọjà tì, tí yóò wọ ọkọ̀, tí yóò tò sórí ìlà ní ilé ìwòsàn. Bí ó bá rò pé ọjọ́ kan láìtajà ni ọjọ́ kan láìjẹun, yóò ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri, yóò sì fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí. Kò yẹ kí a dá a lẹ́bi. Ìtọ́jú ni ó jìnnà sí i.

Àwọn mìíràn yóò béèrè ibi tí owó yóò ti wá, àti ibi tí wọn yóò ti rí nọ́ọ̀sì fún gbogbo ilé-ìwé. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí Accra ti rí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ pọ̀ sínú ọgbà kan, bí ti Kotobabi. Yàrá kan, nọ́ọ̀sì kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àti ọ̀nà tààrà sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ wọn, lè sìn gbogbo ọgbà bẹ́ẹ̀. Ní ti nọ́ọ̀sì, ní ìparí oṣù Keje ọdún 2020 kan náà, nọ́ọ̀sì 95 wọ ọkọ̀ òfurufú láti Gánà lọ ṣiṣẹ́ ní Barbados, nípa àdéhùn láàárín ìjọba méjèèjì. Orílẹ̀-èdè tí ó ní èyí tí ó lè yá ará òkèèrè kò lè sọ pé òun kò rí ọ̀kan fún ọmọ ilé.

Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn yìí kì í ṣe àjèjì ní Gánà. Ní Navrongo, ní àríwá, ní àwọn ọdún 1990, wọ́n dán an wò kí nọ́ọ̀sì kó lọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, dípò kí abúlé máa wá a lọ. Ó yọrí sí rere, ikú ọmọdé dín kù, ìjọba sì tẹ́wọ́ gbà á fún gbogbo ilẹ̀ náà ní ọdún 1999. Ohun tí wọ́n ṣe fún abúlé, kí wọ́n ṣe é fún ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe é lẹ́yìn òbí: kí ìyá àti bàbá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí ara ọmọ wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìtọ́jú tí wọ́n fi pamọ́ fún òbí kì í pẹ́ di ìfura.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba kan náà ni ó ṣe ètò ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá kò lè gba ẹ̀kọ́. Ní ọdún 2006 pàápàá, Nàìjíríà ṣe ìlànà ìlera fún ilé-ìwé ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìwé ìlànà kì í wo ibà sàn, bí kò bá sí ẹni tí yóò mú un ṣẹ.

Àwọn àgbà ní, ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Òbí tí ó bá fi ọmọ rẹ̀ lé ilé-ìwé lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ń retí pé yóò padà wálé ní ọ̀sán. Ìwé tí ó kà yóò wúlò fún un lọ́la. Ìlera rẹ̀ ni yóò mú un dé ọ̀la náà.